Nọ́ńbà Tó Wà Nínú Agolo Bisikíìtì

ÀKÀNNÍ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ sọ ti agolo yẹn fún wọn ná.

ÀDÙKẸ́: Máa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ mi ti di àwàdà lẹ́nu ẹ. Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣé ẹ mọ agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù yẹn, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí? Èmi náà ní ọ̀kan níbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Inú ẹ̀ ni mo ju SIM Nàìjíríà mi sí lọ́dún 2019. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ wo owó tó wà ní báńkì mi n'Ìbàdàn, áàpù ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi. Mo ki SIM bọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ni mo bá gba fóònù ọkọ mi, mo pe nọ́ńbà ara mi.

ÀKÀNNÍ: Ẹnìkan sì gbé e!

ÀDÙKẸ́: Ọkùnrin kan! Mo ní èmi ni mo ni nọ́ńbà yìí. Ó ní, "Háà, Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ni báńkì máa ń kọ̀wé sí? Wọ́n yọ owó alert lọ́wọ́ yín lánàá o." Wò ó, alert tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, èmi ni mò ń san owó ẹ̀!

ÀKÀNNÍ: Ọkùnrin yẹn ò sì jalè o. Ó ra SIM ni, wọ́n sì tà á fún un. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ni pé bí nọ́ńbà bá lo oṣù 6 láìpe ẹnikẹ́ni, láì ra dátà, láìṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ fóònù, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún lo oṣù 6 mìíràn bẹ́ẹ̀, ó lè bọ́ lọ́wọ́ yín pátápátá.

ÀDÙKẸ́: Ṣé kò yẹ kí wọ́n sọ fún mi ni?

ÀKÀNNÍ: Níbo ni wọ́n máa ti sọ ọ́? Nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Ẹ̀gbọ́n, ayálégbé ni gbogbo wa nínú nọ́ńbà. Ẹ kó jáde, lánlọ́ọ̀dù fi ẹlòmíràn sí i. Àmọ́ ẹ gbàgbé orúkọ yín sára ilẹ̀kùn. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì tí a ti ń lò láti 2014, báńkì, íméèlì, Facebook, gbogbo wọn ṣì ń kan ilẹ̀kùn yẹn bèèrè yín.

ÀDÙKẸ́: Ẹni tó tiẹ̀ ń lo tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tún gbá a mú. Oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba ní ká so SIM mọ́ ọn. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2022, èyí tí wọn ò so, kò lè pe èèyàn mọ́.

ÀKÀNNÍ: Báńkì ṣì máa bèèrè PIN, ìyẹn kọ́ ló ń já mi láyà jù. Íméèlì ni. Ẹni tó ni nọ́ńbà yín á kàn tẹ "mo gbàgbé password", kóòdù á wọlé fún un. Bó bá ti wọ íméèlì, ó ti wọ gbogbo ilé nìyẹn.

ÀDÙKẸ́: Àwọn tó ṣì ń fi nọ́ńbà Nàìjíríà lo WhatsApp níbí ńkọ́? Wọ́n pọ̀ o.

ÀKÀNNÍ: Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá gbé WhatsApp sórí nọ́ńbà yẹn, tiyín á já, òun á bá ara ẹ̀ nínú gúrúùpù ẹbí yín. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ wá Two-step verification, kí ẹ fi PIN sí i. Ẹni tí ò mọ PIN yẹn máa dúró fún ọjọ́ 7 kó tó lè wọlé, àmọ́ ẹ má dúró dìgbà yẹn, ẹ tètè gbé WhatsApp yín sórí nọ́ńbà ìlú tí ẹ wà. Ti íméèlì, ẹ lo áàpù tó ń ṣe kóòdù fúnra ẹ̀ lórí fóònù, bíi Google Authenticator. Ìyẹn ò bèèrè SIM kankan. Kí ẹni tí SIM ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ sì yọ ọ́ nínú agolo, kó tan roaming tó ń jẹ́ kí SIM ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, kó máa fi pe ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

ÀDÙKẸ́: Ìyá ẹ kúkú gbọ́n ju áàpù lọ.

ÀKÀNNÍ: Ẹ jẹ́ n sọ ọ́! Wọ́n gba WhatsApp ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n fi ń tọrọ owó kiri. Màmá mi ní kó fi ohùn sọ̀rọ̀, kó sì sọ ọ́ ní Ìjẹ̀ṣà. Àtọjọ́ náà la ò ti gbúròó olè.

ÀDÙKẸ́: Tèmi, ó di oṣù Kejìlá tí mo bá délé kí n tó lè lọ pààrọ̀ ẹ̀ ní báńkì. Mo kúkú ti bẹ ọkùnrin yẹn pé kó ka kóòdù náà fún mi.

ÀKÀNNÍ: Ẹ̀gbọ́n!

ÀDÙKẸ́: Ó kọ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí òun má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

ÀKÀNNÍ: Ọmọlúàbí ni. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀ kí n bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

ÀDÙKẸ́: Nọ́ńbà wo? Ṣebí nọ́ńbà mi náà ni.