Bí A Ṣe Ń Fi Ṣọ́tà Sí Lẹ́ńsì Àtijọ́

Ẹ wo lẹ́ńsì ọwọ́ mi yìí. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó wúwo, kò sì ní ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún ìmọ́lẹ̀ tó sì ń tì í padà. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe é, àwo tí wọ́n ń ya àwòrán sí kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀. Ayàwòrán á ṣí ìdérí ẹnu lẹ́ńsì, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, á sì dé e padà. Fíìmù tòde òní yára jùyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á bò ó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ tú gíláàsì iwájú àti tẹ̀yìn, kí wọ́n yí wọn mọ́ ara irú ṣọ́tà kan tó ń jẹ́ Copal. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú u. Ẹni tó ṣe lẹ́ńsì yìí ló ṣírò àlàfo tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, àwòrán ò ní hàn kedere, pàápàá létí. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí lẹ́ńsì àtàtà tí wọ́n ti fi ayùn gé.

Odindi lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ gbé síwájú ṣọ́tà. Òrùka onískúrù ló máa so wọ́n pọ̀. Ẹ ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ ṣọ́tà tán pátápátá, kẹ́ ẹ máa lo ti lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ihò ìmọ́lẹ̀ tó wà lára idẹ á ṣì jẹ́ òótọ́. Copal 3 lè yára dé 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, àmọ́ fífẹ̀ ihò àárín rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 45 lọ. Bí gíláàsì ẹ̀yìn lẹ́ńsì yín bá jẹ́ mìlímítà 80, kò ní gbà á.

Ṣọ́tà tí wọ́n ń pè ní Packard ló yẹ irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn lẹ́ńsì, nínú kámẹ́rà, ló máa ń wà. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣí i: ẹ fún bọ́ọ̀lù rọ́bà, ewé dúdú rẹ̀ á là, ẹ tú u sílẹ̀, á pa dé. Èyí tó ní pín-ìn-nì kékeré, tẹ́ ẹ bá ti fi í bọ ihò rẹ̀, fífún kan ṣoṣo á ṣí i, á sì tì í, ní nǹkan bíi 1/25 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ṣáà yẹ okùn rọ́bà tó so bọ́ọ̀lù náà mọ́ ṣọ́tà wò dáadáa. Bó bá ti sán, afẹ́fẹ́ á jò, ewé á dúró sáàárín méjì.

Kẹ́ ẹ tó ki fíìmù bọ̀ ọ́, ẹ ṣí ṣọ́tà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú kan wo lẹ́ńsì láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn délẹ̀. Bó bá rí bí oṣù tí wọ́n gé létí, ṣọ́tà ti ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀ yín nìyẹn.