Orúkọ Tí Oníbàárà Ń Pè É: Ọ̀rọ̀ Ìṣàwárí àti Ọ̀rọ̀ Orí Líǹkì fún Àwọn Tó Ń Ta Àdìrẹ

Àrẹdú o, ẹ̀yin ìyá wa aláró, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bá wọn ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí bá fẹ́ ra àdìrẹ lálẹ́ òní, kí ló máa tẹ̀ sínú Google? Ohun tó bá tẹ̀ yẹn là ń pè ní ọ̀rọ̀ ìṣàwárí.

Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni orúkọ tí àwọn aláró fi ń pe iṣẹ́ wọn láàárín ara wọn: àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya kí aró má baà mu ibẹ̀, oníko tí wọ́n fi ìko so, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán. Inú mi máa ń dùn pé a ò tíì gbàgbé àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní London, tó ń wá aṣọ ẹbí, lè má mọ ìkankan nínú wọn. “Adire fabric 5 yards” ló máa tẹ̀. Ẹlòmíì á tẹ̀ “Nigerian tie and dye”. Ẹni tó wà l’Abẹ́òkúta níhìn-ín lè tẹ̀ “where to buy adire in Itoku”.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó tẹ “adire” nìkan lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó sì lè jẹ́ pé àwòrán lásán ló ń wá. Bí gbólóhùn náà bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe ń súnmọ́ owó. Wọn kì í pọ̀, àmọ́ wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Àwọn ni kí ẹ kọ ojú-ewé fún.

Níbo lẹ ti máa rí àwọn gbólóhùn yìí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ “adire” sínú Google, kí ẹ wo ohun tó máa dábàá nísàlẹ̀. Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ní ìkànnì, á fi ọ̀rọ̀ tó gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ yín hàn yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni WhatsApp yín. Ẹ lọ ka bí oníbàárà ṣe bèèrè ọjà lọ́wọ́ yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má tún un ṣe.

Ẹ má sì retí àmì ohùn. Lórí fóònù, “aso oke” lásán lọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀. “Owo” lè jẹ́ owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀, tàbí ìlú Ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé e ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ èyí tí à ń sọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ orí líǹkì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó bọ́ sí ojú-ewé mìíràn. Lọ́dún 1998, nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin ṣì wà ní yunifásítì Stanford, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé Google pé ọ̀rọ̀ orí líǹkì sábà máa ń júwe ojú-ewé tó ń tọ́ka sí dáadáa ju bí ojú-ewé náà ṣe ń júwe ara rẹ̀ lọ. Èyí ò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ kì í sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bàbá àgbà á sọ ọ́ ní tiẹ̀, ìyá àgbà á mú oríkì wá, ìyàwó tó bá a nínú ilé ò sì ní pe orúkọ rẹ̀ rárá, Adúmáadán ni yóò máa pè é. Ọmọ kan náà ni gbogbo wọn ń pè.

Bí líǹkì tó ti ọkàn èèyàn wá ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan á kọ orúkọ ilé ìtajà yín, ẹlòmíì á kọ “ibi tí mo ti ra àdìrẹ ìgbéyàwó mi”. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kò mọra bá ń fi “buy cheap adire online” pe ojú-ewé kan, tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀, ẹni tó gbọ́ á mọ̀ pé wọ́n sanwó fún wọn ni, kí Google lè gbé ojú-ewé náà síwájú.

Lọ́dún 2003, àwọn èèyàn parapọ̀ fi “miserable failure” ṣe líǹkì sí ojú-ewé ìtàn ìgbésí ayé Ààrẹ George W. Bush. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sínú Google, ojú-ewé náà ló ń kọ́kọ́ bá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì yẹn kò sí lórí rẹ̀. Ọdún 2007 ni Google tó wá nǹkan ṣe sí i. Lóṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n gbé àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Penguin jáde, ó sì ti ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń ra líǹkì kiri sẹ́yìn pátápátá.

Nínú ìkànnì tiyín, ẹ jáwọ́ nínú kíkọ “ẹ tẹ ibí” sórí líǹkì. Afọ́jú tí ẹ̀rọ ń ka ojú-ewé fún lè ní kó ka líǹkì nìkan fóun. “Ẹ tẹ ibí” lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ò ní sọ ohunkóhun fún un.

Ìyá kan tí mo ṣàlàyé èyí fún bi mí pé ṣé kí òun wá pa “ẹlẹ́kọ” tì ni. Rárá o, mà. Ẹ ṣe ojú-ewé tirẹ̀ fún un, kí àwòrán ìyẹ́ adìyẹ tí ẹ fi ń ya ẹ̀kọ wà níbẹ̀. Ẹ wá fi líǹkì tó lọ síbẹ̀ sínú ojú-ewé “adire fabric 5 yards”, kí ẹ kọ “bí a ṣe ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ” sórí rẹ̀, kí ẹni tó wá ra ọ̀pá márùn-ún lè gba ibẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.