Ànábì Mùsá Lọ sí Abẹ́ Ibòòji

Àsàláàmù àlékúmù, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú àsùbáà.

Ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́. Mò ń rí yín lójú ọ̀nà Fate ní Ìlọrin níbí, fáìlì lábẹ́ abíyá, oòrùn lórí, ikùn lófìfo. Ẹ ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ẹ ti pín síífì títí, èsì kò dé. Ojú tó pọ́n yẹn, orí tó ń fọ́ yẹn, àyà tó ń já nígbàkúùgbà tí fóònù bá dún, Ọlọ́hun rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣí Súrà Al-Qasas, láti áyà 22. Ànábì Mùsá sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé Madyan. Kò níṣẹ́, kò nílé, kò mọ ẹnikẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ síbì kan. Àwọn àáfà tó túmọ̀ Àlùkùránì ní ewé ló ń jẹ bọ̀ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò sáré kiri ìlú. Abẹ́ ibòòji ló lọ. Ibẹ̀ ló ti sọ fún Olúwa rẹ̀ pé oore yòówù tí Ó bá sọ̀ kalẹ̀ fún òun, òun bùkátà rẹ̀. Ẹ̀yìn àdúà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá pè é.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ fún bàbá rẹ̀: ẹni tó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni alágbára, olùfọkàntán. Agbára ló kọ́kọ́ dárúkọ! Iṣẹ́ ọdún 8 ló ń bọ̀, tó bá wù ú, kó pé 10. Ara tó ti wó kò lè ṣe é. Ibòòji yẹn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ànábì wa Mùhámmádù, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ní ara wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, ì báà ṣe ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀. Ẹ má fi ikùn òfìfo gbé oògùn ara ríro mì, púpọ̀ nínú wọn ń dá ọgbẹ́ sínú. Ẹ pa dátà lálẹ́, ẹ sùn. Bí oorun bá kọ̀ tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Bí ọkàn bá sì ń sọ pé ikú sàn, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, ẹ má dá a gbé.

Ó yá, ẹ gbọ́wọ́ àdúà sókè.

Yáà Ọlọ́hun, Ìwọ tó rí Mùsá lábẹ́ ibòòji, rí àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Fún wọn ní ibòòji ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, ní ilé ẹni tí wọ́n ń sùn sí.

Bí Ànábì Rẹ ṣe kọ́ wa, a fi Ọ́ wá ìṣọ́ níbi àníyàn àti ìbànújẹ́, níbi àìlágbára àti ìmẹ́lẹ́, níbi gbèsè tó ń tẹ orí ẹni ba.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dọdẹ ọ̀dọ́, Ọlọ́hun, dá a padà! Ọgbẹ́ inú, pàṣẹ kó jinná! Oorun tó sá lọ, pè é wálé!

Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn pé òun máa bá wọn wáṣẹ́, tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́, tú àṣírí rẹ̀ kó tó gba tẹni tó kàn. Ẹni tó jókòó lé fáìlì wọn, má jẹ̀ẹ́ kó rí ìjókòó títí tí yóò fi gbé e jáde!

Ìyá tó ń ta wàrà ní ọjà Ìpátà nítorí ọmọ rẹ̀, Yáà Ràsáàkù, Ìwọ Olùpèsè, má jẹ̀ẹ́ kí òógùn rẹ̀ já sí asán.

Kí ìpè dé. Kó bá wọn láàyè, kó bá wọn lálàáfíà. Owó oṣù àkọ́kọ́ wọn, má jẹ̀ẹ́ kó di owó ọsibítù.

Ẹni tó ń ka èyí tó ń sunkún, Ọlọ́hun, O mọ orúkọ rẹ̀. Dá a lóhùn kí ìrun àìlà tó dé. Áàmín, áàmín, yáà Ràbí.