Kí Aṣọ Tó Wọ Ìkòkò Aró

Ẹ wo aṣọ funfun yìí dáadáa. Ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà lára ohun tó wà lọ́jà. Ẹni tó ń ṣe é kì í dúró dìgbà tí aṣọ bá wọnú aró kó tó ronú ibi tó fẹ́ kó ṣẹ́ kù ní funfun. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń fa ẹ̀kọ láfún sójú ibẹ̀, á wá sá a kó gbẹ. Tí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, aró ò ráyè wọlé. Tó bá ṣì tutù, á yọ́ dà nù, ọnà náà á dàrú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò rí: ó yẹ ká ti múra sílẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá ẹ̀kọ kiri nígbà tí aṣọ ti wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

Jákọ́bù orí 1, ẹsẹ 14 àti 15, to bí ìdánwò ṣe ń rìn: ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ara ẹni á fà èèyàn, á tàn án, á lóyún, á bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ á dàgbà, á bí ikú. Kò dárúkọ àjẹ́ ilé bàbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èṣù wà lóòótọ́, orí 4 ìwé yẹn kan náà ní ká kọjú ìjà sí i, yóò sì sá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ tó fi ń mú ẹja, inú wa ló ti ń rí ìjẹ tó ń fi sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹnì kan ń bọ̀ láti Pánṣẹ́kẹ́ l'Ábẹ́òkúta, ó dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ó ní "igba náírà péré." Ibi tí ìjà ti rọrùn jù nìyẹn, kì í ṣe ìgbà tí owó ilé ti bá tẹ́tẹ́ lọ, tó wá ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kí owó ilé, owó iléèwé àti gbèsè jáde lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Kí áàpù tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù. Kí ẹsẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn délé: Òwe 4:15 ní ká yẹra fún ọ̀nà ẹni búburú, ká má kọjá níbẹ̀ rárá.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ rú rè é: ìgbà wo là ń dúró, ìgbà wo là ń sá? Éfésù 6, lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, sọ̀rọ̀ ìhámọ́ra Ọlọ́run: àmùrè, ìgbàyà, asà, àṣíborí àti idà, ìdúró ló sì ń tẹnu mọ́. Ẹ dúró níwájú irọ́, ìbẹ̀rù, ẹ̀sùn ọ̀tá àti inúnibíni. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ní 1 Kọ́ríńtì 6:18 ní ká sá fún àgbèrè. Jósẹ́fù ò bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà níwájú ìyàwó Pọ́tífárì. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sáré.

Ẹ mú ìwé kékeré kan fún ọjọ́ méje. Nígbàkigbà tí ìdánwò bá dé, ẹ kọ aago, ibi tí ẹ wà, àti bí ara ṣe rí: ebi, àárẹ̀, ìbínú, àbí ìdánìkanwà. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ láìjẹun, nígbà tí ebi ń pa Jésù, ni adánniwò dé. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ló pọ̀ jù, ẹ fi fóònù sí ṣáájà ní pálọ̀ láago mẹ́sàn-án. Ẹ ra aago tó ń dún, kí ẹ má sọ pé fóònù ló ń jí yín.

Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Jésù fún adánniwò náà, láti inú Deutarónómì ni: 8:3, 6:16 àti 6:13. Èṣù náà ka Sáàmù 91, àmọ́ ó fo "ní gbogbo ọ̀nà rẹ." Nítorí náà, ẹsẹ tó bá àìlera yín mu gan-an ni kí ẹ há sórí, kí ẹ sì mọ ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ tó, láàárọ̀ àti lálẹ́, kó jáde lẹ́nu. Ẹ má sì sinmi lórí ìṣẹ́gun kan: Lúùkù 4:13 ní Èṣù fi Jésù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni.

Tí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́? Ìtìjú á ní kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Kó jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ náà gan-an, 1 Jòhánù 1:9. Tó bá jẹ́ owó olówó ló mú, kó dá a padà. Sákéù agbowó orí ní òun á dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kó sọ fún ẹnì kan ṣoṣo tó dàgbà jù ú nínú ìgbàgbọ́, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. "Ẹ bá mi gbàdúrà" nìkan ò tó. Kó sọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é. Ẹni tó gbọ́ náà kò gbọdọ̀ gbé e lọ síbì kankan, kò sì gbọdọ̀ wàásù wákàtí kan fún un. Lọ́jọ́ Sátidé, kó pè é, kó bi í pé: "Níbo lo gbé fóònù sí lálẹ́ àná?"