Ọdún 1945 ní Èkó: Gaàrí, Owó Ọ̀wọ́ngógó àti Ìbéèrè fún Òmìnira

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀ lónìí. Ogun parí ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún 1945, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní Bọ́mà kò tíì padà dé, ogun tí ará Èkó kò dá sílẹ̀ sì ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gaàrí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, ìjọba amúnisìn fi òṣìṣẹ́ wọn kan, Pullen, ṣe alábòójútó iye tí a gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ. Iye tí wọ́n fi lélẹ̀ kò tó èyí tí àwọn obìnrin fi ń ra gaàrí lóko, ká má tíì sọ ti owó ọkọ̀. Ẹni tó bá pa òfin mọ́ yóò jẹ gbèsè, ẹni tó bá rú u yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Gaàrí bá sá kúrò lórí àtẹ, ó di ohun tí a ń tà lábẹ́lẹ̀. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja tí kò mọ̀wé, tí ó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà, ni ó kojú wọn. Pullen fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kí ó lè bá òun ṣiṣẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibi ìtàn yìí ni mo máa ń dúró, nítorí pé a ti pẹ́ jù tí a ti ń ròyìn òmìnira bí ẹni pé àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn oníwèé ìròyìn nìkan ló jà fún un.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń béèrè àfikún owó ọ̀wọ́ngógó, ìyẹn owó tí a ń fi kún owó iṣẹ́ nígbà tí ọjà bá wọ́n, àti pé kí lébìrà máa gba ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́, ó kéré tán. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti lé lọ sí Auchi láti 1943, padà dé ní oṣù kẹfà, èrò sì tú jáde láti pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, iṣẹ́ dúró: rélùwéè, ilé ìfìwéránṣẹ́, wáyà. Àwọn tó lé ní 30,000 ló daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju ogójì ọjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe méjì tó ń gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, West African Pilot àti Daily Comet.

Lóṣù kẹta ọdún yìí kan náà ni Gómìnà Richards gbé ìlànà òfin ìṣèjọba tuntun jáde láì fọ̀rọ̀ lọ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èrò mi ni pé ibí ni okùn náà ti so pọ̀: àwọn tó ń dá iye gaàrí láì bi ẹni tó ń tà á náà ló ń kọ òfin láì bi ẹni tí yóò gbé abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lóye ìwé òfin lóye gaàrí dáadáa.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba fọwọ́ kúrò lórí iye oúnjẹ, ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ owó ọ̀wọ́ngógó, sì dábàá ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ọ̀wọ́ngógó. Òfin Richards nìkan ni wọn kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Nítorí rẹ̀ ni Herbert Macaulay, ẹni ọdún 81, ṣe bá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rin ìrìn àjò káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1946. Àìsàn kọlù ú ní Kánò, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù karùn-ún.