Ẹni Tó Ń Sùn Ni Wọ́n Kọ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ bá mi kálọ sí Berlin, oṣù kẹrin ọdún 1702, nǹkan bí aago méjì òru. Gottfried Kirch, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa wojú ọ̀run, ti sùn lọ fọnfọn. Maria Winkelmann, ìyàwó rẹ̀, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tajú kán rí ìràwọ̀ onírù, ó sì lọ jí bàálé. Orúkọ ta ni ìròyìn gbé jáde? (Ẹ̀yin ọkùnrin iwájú yìí, ẹ má wolẹ̀.) Ó di ọdún 1710 kí ọkọ tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyàwó òun ló rí i, pé òun ń sùn.

Ọdún yẹn náà ni ọkọ kú. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fi ojú ọ̀run ṣírò ni Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Berlin, tó gba ọkọ síṣẹ́, ń tà jẹun, àwọn nìkan ni ọba fún láṣẹ rẹ̀. Maria sì mọ̀ ọ́n ṣe: nígbà tí ara ọkọ ò yá, òun ló ń ṣe é tí wọ́n ń fi orúkọ ọkọ tà á. Ó wá kọ̀wé pé kí wọ́n fi òun ṣe igbákejì aṣekàlẹ́ńdà. Kò béèrè oyè kankan o! Jablonski, akọ̀wé ẹgbẹ́, kọ̀wé sí Leibniz, onímọ̀ ńlá tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́, pé nígbà tí ọkọ wà láyé pàápàá, wọ́n ti ń fi ẹgbẹ́ ṣẹ̀sín pé obìnrin ló ń bá wọn ṣe kàlẹ́ńdà. Tí wọ́n bá tún wá gbà á, ẹnu aráyé á là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Leibniz gbè é lẹ́yìn títí, pàbó. Hoffmann ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nílẹ̀ Jámánì ayé ọjọ́un, opó atẹ̀wé lè máa bá ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wíwo ìràwọ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ agbo ilé, obìnrin wà níbẹ̀. Ìgbà tó di àga olùkọ́ yunifásítì, oyè àti owó oṣù ni ilẹ̀kùn tì. Àwọn tó ń wí pé àìkàwé ló fà á, ta ló ń ṣírò kàlẹ́ńdà?

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti nawọ́ lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Laura Bassi ará Ítálì ńkọ́? Yunifásítì Bologna ṣáà gbé àga fún un.”

Ọmọ yìí tú ìwé mi ká! Òótọ́ ni. Ní 1732, ọmọ ogún ọdún, ó gbèjà kókó ọ̀rọ̀ 49 níwájú gbogbo ìlú, wọ́n fún un ní oyè, àga àti owó. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ́ni ní gbangba àyàfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda. Kí ló ṣe? Láti 1749, inú ilé òun àti Veratti ọkọ rẹ̀ ló ti ń kọ́ni ní físíìsì. Ilé náà la tún padà sí! Ó ku ọdún méjì kó kú kí wọ́n tó fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní 1776, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní igbákejì.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Caroline Herschel, obìnrin tó ń wo ìràwọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba 50 pọ́n-ùn lọ́dún láti 1787. Royal Society, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò gba obìnrin wọlé títí di 1945. Ẹ lọ kà á nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n parí ti Maria. Ní 1716, wọ́n gba ọmọ rẹ̀ ọkùnrin síṣẹ́ baba, Maria wá di igbákejì ọmọ tó bí. Wọ́n ní tí àlejò bá dé, kó fà sẹ́yìn, kó jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀. Kò gbà. Wọ́n ní kó kẹ́rù kúrò nínú ilé.