Ará Ìsàlẹ̀ Odò: Usbẹkistán àti Àwọn Tó Bá A Pààlà

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé. Mo yọ ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi kúrò. Àwọn àwàdà tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí, mo fi wọ́n sílẹ̀. Bóyá àwọn tó ń kà á nílé á ṣàánú mi.

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Àwọn baba wa ní omi ò lọ́tàá. Lónìí mo fẹ́ mú yín lọ síbi tí omi ti lọ́tàá, tó lọ́rẹ̀ẹ́, tó sì ń rán ikọ̀.

Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló wà ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà: Kasakstán, Kirgistán, Tajikistán, Tọkimẹnistán àti Usbẹkistán. Usbẹkistán ni mo bá wá. Òun nìkan ló bá gbogbo mẹ́rin yòókù pààlà, ó sì tún bá Afganistán pààlà. Kò ní èbúté. Àwọn tó yí i ká náà kò ní, nítorí Caspian tí Kasakstán àti Tọkimẹnistán ń wò kò já sínú òkun kankan. Ní gbogbo ayé, òun àti Liechtenstein nìkan ló rí báyìí: bó o bá fẹ́ dé etí òkun láti ibẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ méjì ni wàá gbà kọjá, ó kéré tán. Ẹ fi èyí sápò, a ó padà wá mú un.

Tí ẹ bá ń ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa agbègbè yìí, ẹ ó rò pé ìdí ayò la wà. Rọ́ṣíà jókòó síhìn-ín, Ṣáínà jókòó sọ́hùn-ún, Amẹ́ríkà ń yọjú léjìká wọn. Ta ni ọ̀ta, ta ni òpè? Àwọn tó ń kọ irú rẹ̀ ni mo máa ń pè ní ọlọ́pọ́n. Ọ̀kan wà nínú yàrá yìí, ó mọ ara rẹ̀, a sì jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Ohun tí àwọn ọlọ́pọ́n kì í bèèrè ni pé kí ni ọmọ ayò fúnra rẹ̀ ń wá. Èmi ní tèmi, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń sọ ọ́, ohùn mi ò sì tíì há: ìbáṣepọ̀ Usbẹkistán pẹ̀lú ayé kò bẹ̀rẹ̀ ní Moscow, kò bẹ̀rẹ̀ ní Washington. Ẹ̀bá ọgbà ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń mu omi odò kan.

Islam Karimov ló wà lórí àga láti ìgbà òmìnira ní 1991 títí ó fi kú ní 2016. Àwọn ọlọ́pọ́n fẹ́ràn ìgbà tirẹ̀ gan-an torí ó ń wọlé, ó ń jáde. Ó fọwọ́ sí àdéhùn ààbò tí Rọ́ṣíà ń darí ní 1992, ó kúrò níbẹ̀ ní 1999, ó padà ní 2006, ó tún gbéra ní 2012. Ó gba àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láyè ní ibùdó ogun Karshi-Khanabad ní 2001. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ yìnbọn lu àwọn ará ìlú ní Andijan, ìlú kan ní Usbẹkistán, oṣù Karùn-ún 2005, tí Amẹ́ríkà sì là á mọ́ ọn lójú, ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ọdún ò tíì parí tí wọ́n fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi ọlọ́pọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí gbogbo èyí. Mo kà á. Ó dára. Odò kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá odò náà lọ. Méjì ni wọ́n, Amu Darya àti Syr Darya. Yìnyín orí òkè Tajikistán àti Kirgistán ló ń yọ́ sínú wọn. Ará òkè odò ni àwọn méjì yẹn. Omi ni wọ́n ní, wọn ò ní gáàsì tó nǹkan. Usbẹkistán, Kasakstán àti Tọkimẹnistán wà nísàlẹ̀. Gáàsì àti epo wà lọ́wọ́ wọn, omi ni wọ́n ń retí. Nígbà Sófíẹ̀tì, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ Moscow, Moscow là á sílẹ̀ fún wọn: ẹ̀yin ará òkè, ẹ sé omi mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, ẹ tú u sílẹ̀ nígbà ooru kí òwú lè mu, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ fi gáàsì àti èédú ránṣẹ́ sí wọn lókè kí òtútù má pa wọ́n. 1991 dé, ọ̀gá kúrò nílé. Ará ìsàlẹ̀ ní kí ará òkè máa fowó ra gáàsì. Ará òkè ní ó dáa, a ò lówó, nígbà òtútù la ó máa tú omi sílẹ̀ ká lè fi yí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Omi wá ń ya bo oko nígbà tí kò sí ohun ọ̀gbìn nínú rẹ̀, nígbà tí òwú sì ń gbẹ, adágún dáàmù ń gba omi tirẹ̀ sínú. Ẹ máa mú ìyẹn lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

(Ti Aral, adágún tí odò méjèèjì ń ṣàn sí tó sì gbẹ, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí fọ́tò àwọn ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní Moynaq. N kò ní tún un sọ.)

Tajikistán ní òun á kọ́ dáàmù Rogun parí. Láti 1976 ni Sófíẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí odò Vakhsh, tó ń ṣàn sínú Amu Darya. Gíga tí wọ́n là kalẹ̀ fún un jẹ́ mítà 335. Tó bá parí bẹ́ẹ̀, kò ní sí dáàmù tó ga tó o láyé. Karimov fárígá. Ní ìparí 2009 ó yọ Usbẹkistán kúrò nínú wáyà iná tí gbogbo agbègbè náà jọ ń lò, Tajikistán ń gbọ̀n nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù lọ sí Tajikistán ń há sójú ọ̀nà. Wọ́n ti ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ ní ààlà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní torí àwọn agbébọn ni, àmọ́ darandaran àti àwọn tó ń ṣẹ́gi ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní Astana, olú ìlú Kasakstán, oṣù Kẹsàn-án 2012, Karimov sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ omi yìí lè di ogun. Láti 1992 kò sí bàálù tó ń fò láti Tashkent, olú ìlú Usbẹkistán, lọ sí Dushanbe, olú ìlú Tajikistán. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra!

Shavkat Mirziyoyev ti ṣe olórí ìjọba lábẹ́ Karimov fún ọdún mẹ́tàlá kó tó di Ààrẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé áńgẹ́lì ló já bọ́ láti ọ̀run. Ó kàn ṣírò rẹ̀ ni. Ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, oṣù Kẹta 2017, Tọkimẹnistán ló lọ. Ó ti ibẹ̀ wálé, ó lọ sí Kasakstán. Ẹ̀yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Moscow. Ọlọ́pọ́n, ṣé o ń gbọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn bàálù fò lọ sí Dushanbe. Oṣù Kẹsàn-án, ẹnubodè Dostuk láàárín Usbẹkistán àti Kirgistán ṣí. Oṣù Kẹta 2018, Mirziyoyev fúnra rẹ̀ wà ní Dushanbe, wọ́n fagi lé físà, Usbẹkistán sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra iná lọ́wọ́ Tajikistán lọ́dún yẹn. Wọ́n hú bọ́ǹbù inú ilẹ̀. Ti Rogun, Tashkent kò bú u mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tan ní oṣù Kọkànlá 2018, kò sẹ́ni tó dárúkọ ogun. Ní 2023, Usbẹkistán àti Kasakstán gbà láti bá Kirgistán kọ́ dáàmù Kambarata-1. Ará ìsàlẹ̀ odò ń bá ará òkè kọ́ dáàmù! Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní 2012, ẹ ó ní kí n lọ sinmi.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ní 2022, Tashkent àti Bishkek, olú ìlú Kirgistán, parí ọ̀rọ̀ ààlà wọn, adágún Kempir-Abad sì bọ́ sọ́wọ́ Usbẹkistán, Kirgistán gba ilẹ̀ mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ dípò rẹ̀. Lórí ìwé, ó gún régé. Àmọ́ àwọn ará abúlé tó ń fi ẹran jẹ̀ létí omi yẹn fárígá, ìjọba Kirgistán sì kó àwọn tó ń tako àdéhùn náà, ó lé ní ogún, sí àtìmọ́lé. Ó di 2024 kí ilé ẹjọ́ tó dá wọn láre. Ààrẹ méjì lè bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹni tí wọn ò bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i fún ọlọ́pọ́n. Oṣù Kẹsàn-án 2022, ẹgbẹ́ Shanghai, tí Rọ́ṣíà àti Ṣáínà jọ wà nínú rẹ̀, ṣèpàdé ní Samarkand ní Usbẹkistán. Gbogbo kámẹ́rà ayé ń wo Putin àti Xi, ta ló rẹ́rìn-ín, ta ló pẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ kan náà, Kirgistán àti Tajikistán, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, tí Ààrẹ àwọn méjèèjì jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn, ń yìnbọn síra wọn ní ààlà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kú. Kí ló fa ìjà tí wọ́n jà ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, 2021? Kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pín omi. Omi o! Ní oṣù Kẹta 2025 ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ààlà, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù náà sì ni Mirziyoyev pàdé wọn ní Khujand ní Tajikistán, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ibi tí ààlà wọn ti pàdé. Rọ́ṣíà kò jókòó sí tábìlì yẹn. Ṣáínà kò jókòó síbẹ̀.

Alága ń na ìka márùn-ún sí mi, nítorí náà màá sáré. Ìpàdé àwọn Ààrẹ agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ ní Astana ní 2018, kò ní ilé iṣẹ́ ńlá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó pẹ́, torí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láwọn ọdún 1990 kú nígbà tí Rọ́ṣíà wọ inú wọn. Usbẹkistán wọ ẹgbẹ́ àwọn elédè Tọ́kì ní 2019, ó sì ń wo ẹgbẹ́ ajé tí Rọ́ṣíà ń darí láti ojú fèrèsé láti 2020. Yúróòpù wá sí Samarkand ní oṣù Kẹrin 2025. Ojú irin Ṣáínà gba Kirgistán wá: ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi sọ ọ́, ìparí 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gáàsì náà...

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ọmọbìnrin kan fi dìde lẹ́yìn. Kò dúró kí wọ́n gbé gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní omi ni, omi ni, láti àárọ̀. Afganistán ń gbẹ́ odò láti inú Amu Darya. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pọ́n ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ojú ìwé mi tó kẹ́yìn ló wà, ọmọ mi, àmọ́ o gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì ka ojú irin àti gáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Odò náà ni Qosh Tepa. Kìlómítà 285 ni wọ́n fẹ́ kó gùn. Láti 2022 ni Taliban ti ń gbẹ́ ẹ, láti fi bomi rin ilẹ̀ Balkh, Jowzjan àti Faryab. Àdéhùn tí wọ́n fi ń pín omi odò wọ̀nyí, àwọn márùn-ún ló ṣe é ní Almaty, ìlú kan ní Kasakstán, ní oṣù Kejì 1992. Ogun ń jà ní Afganistán nígbà náà, kò sẹ́ni tó pè é. Ẹni tí wọn ò pè síbi ìpín, kí lẹ fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún? Mirziyoyev sọ ọ́ ní Dushanbe ní oṣù Kẹsàn-án 2023 pé alábàápín tuntun ti yọjú, tí àdéhùn kankan kò sì dè é.

Ẹ wá mú ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò jáde. Usbẹkistán fẹ́ dé etí òkun. Ọ̀nà tó ń wá ni ojú irin láti Termez ní ààlà rẹ̀ gba Mazar-i-Sharif, inú Afganistán, kọjá lọ sí Pakistan, kó já sí èbúté níbẹ̀. Ẹni tó ń bu omi rẹ náà ni onílé tí o fẹ́ gba àgbàlá rẹ̀ kọjá. O ò lè gé iná mọ́ ọn lójú bí Karimov ṣe ṣe fún Tajikistán, kó o sì ní kó ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ rẹ. Ìdí nìyẹn tí aṣojú Tashkent fi lọ sí Kabul, olú ìlú Afganistán, lórí ọ̀rọ̀ odò yìí ní 2023, tí olórí ìjọba wọn, Aripov, sì lọ fúnra rẹ̀ ní 2024.

"Ṣé kí wọ́n kàn máa wò ó ni, sà?"

Rárá. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilé tiwọn. Ìpín mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi Usbẹkistán, oko ló ń lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba inú kòtò erùpẹ̀ tó ń fà á mu kó tó dé ìdí òwú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kọnkéré tẹ́ ẹ báyìí. Tọkimẹnistán ńkọ́? Odò Karakum tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ níbẹ̀ ní 1954 gùn ju kìlómítà 1,300 lọ, inú Amu Darya kan náà ló ti ń mu, orí iyanrìn ló ń gbà, ẹnikẹ́ni kò pè é ní ewu torí ó wà lórí ìwé. Tí Tashkent bá lọ bá Kabul jà láìdárúkọ Karakum, Kabul á rẹ́rìn-ín. Àga kẹfà ni kí wọ́n fà sí tábìlì Almaty, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ pín. Ó máa dun àwọn márùn-ún tó wà níbẹ̀, ó sì máa dun Usbẹkistán jù, torí òun ló ń mu omi jù.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ tún bèèrè. Alága ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. A parí ìyókù lẹ́nu ọ̀nà, èmi, òun àti ọlọ́pọ́n, ìdajì wákàtí gbáko, ọlọ́pọ́n sì ní tòun ni pé Ṣáínà ló wà nídìí rẹ̀.